Ẹjọ́ Ààlà Ti Parí, Ìjókòó Ló Kù



Ọ̀rọ̀ afárá Malanville ni a fẹ́ bá yín sọ. Láti ìgbà tí àwọn ológun ti gbàjọba ní Niger ní Oṣù Keje 2023, tí CEDEAO sì ní kí wọ́n ti ẹnubodè, ọjà tó ń gba Parakou lọ sí Gaya kò rìn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ní Oṣù Kejì 2024, CEDEAO mú ìjìyà náà kúrò. Bẹ̀nẹ̀ ṣí tirẹ̀, Niger ò ṣí tirẹ̀. Ní Oṣù Kìíní 2025, Niger fi CEDEAO sílẹ̀ pátápátá.

Kì í ṣe ìjà ilẹ̀ o. Láti 12 Oṣù Keje 2005 ni Ilé-Ẹjọ́ Àgbáyé ti pín àwọn erékùṣù inú Odò Ọya: 16 fún Niger, Lété wà nínú rẹ̀, 9 fún Bẹ̀nẹ̀. Ẹjọ́ parí, ṣùgbọ́n ẹjọ́ kò sọ bí àlùbọ́sà yóò ṣe kọjá afárá.

Ẹ wo Bakassi. Ní 2002, ilé-ẹjọ́ yìí kan náà ní Cameroon ló ni ín. Lọ́dún yẹn, Kofi Annan bá Obasanjo àti Biya dá ìgbìmọ̀ àpapọ̀ kan sílẹ̀. Ní 12 Oṣù Kẹfà 2006, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn Greentree. Ní Oṣù Kẹjọ 2008, Nàìjíríà kó kúrò níbẹ̀ tán. Ìgbìmọ̀ náà ò gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba kankan. Wọ́n ń jókòó, wọ́n ń ri òpó ààlà, ogun ò sì bẹ́.

Àmọ́ ibì kan kù díẹ̀ káàtó. Àdéhùn náà ní kí ẹnikẹ́ni má lé àwọn apẹja ọmọ Nàìjíríà kúrò. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kó wá sí Cross River, wọ́n ń ráhùn pé wọn ò bi àwọn léèrè kí wọ́n tó fi ilẹ̀ sílẹ̀.

Ohun tí àwa ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyẹn. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé igbá dé orí. Bí Bẹ̀nẹ̀ àti Niger bá jókòó, kí àwọn ìyá ọlọ́jà, awakọ̀ àti àwọn àgbà Malanville àti Gaya wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò ní dín àṣẹ ìjọba kù.

Ẹ̀yin ará Sẹ̀mẹ̀ àti Ìdíìrókò, nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè ní Oṣù Kẹjọ 2019, ta ló bi yín léèrè? Ẹ dá wa lóhùn.