Ẹni Kejì Ńkọ́?

Ní Sinkor, láàárín ìlú Monrovia, ìsàlẹ̀ ni bàálù kéékèèké máa ń gbà kọjá lórí òrùlé kí wọ́n tó balẹ̀ sí pápákọ̀ Spriggs Payne. Payne yìí ni ààrẹ kẹrin tí Làìbéríà ní. Roberts, ààrẹ àkọ́kọ́, ló ni orúkọ pápákọ̀ ńlá tó wà ní Harbel. Bọ́ràn ṣe ń jẹ mí lọ́kàn nìyẹn: tó bá jẹ́ ọkùnrin, ẹni kẹrin pàápàá á rí pápákọ̀ tí wọ́n á fi sọrí. Tó bá jẹ́ obìnrin tó ń wa bàálù, ẹni àkọ́kọ́ nìkan la mọ̀.

Ẹ bi ará Ghana, á dárúkọ Melody Danquah, tó wa bàálù lóun nìkan fúngbà àkọ́kọ́ ní ọjọ́ 22 oṣù kẹfà ọdún 1964. Ará Nàìjíríà á ní Chinyere Kalu, tó kọ́ṣẹ́ ní Zaria. Ẹ wá béèrè ẹni kejì, kẹ́kẹ́ á pa. Danquah fúnra rẹ̀ ńkọ́? Àìlera gbé e kúrò nínú bàálù, iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ṣe títí tó fi fẹ̀yìn tì ní 1984. A mọ ọjọ́ tó fò. Mélòó nínú wa ló béèrè ọjọ́ tó dúró?

Mo rántí ìsọ̀ aránṣọ kan l'Óṣogbo nígbà èwe mi. Lọ́jọ́ fírídọ̀mù, aṣọ ẹbí á kún ojúde, àwọn oníyàwòrán á máa sáré kiri, ọ̀gá á gbàdúrà títí ohùn á fi há. Sístà kan wà níbẹ̀ tó mọ bùbá gé ju ọ̀gá rẹ̀ lọ. Nígbà tó yá, omi inú ọ̀rá ló ń tà ní gáréèjì. Iṣẹ́ ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ o. Kò sẹ́ni tó ra máṣíìnì fún un ni.

Máṣíìnì ti páílọ́ọ̀tì ni wákàtí tó fi ń wa bàálù. Òfin àgbáyé ní kí ọ̀gá awakọ̀ tó máa gbé èrò ti gbéra lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó sì ti balẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, láàárín 90 ọjọ́ tó ṣáájú. Ìlànà ìlera ò sì fẹ́ kí aboyún wa bàálù kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 12, tàbí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 26. Ẹ ṣírò ó: 90 ọjọ́ yẹn á ti kọjá kí ìyá ọmọ tó padà. Mi ò bá òfin jà, èmi náà ń wọ bàálù. Ṣùgbọ́n ìyá ọmọ tó bá fẹ́ padà gbọ́dọ̀ tún ìdánrawò ṣe, owó gọbọi sì ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fún ọmọbìnrin lówó kọ́ṣẹ́ bàálù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ná gbogbo rẹ̀ tán sórí ìwé àṣẹ. Ẹ pa ìdajì mọ́ dè é di ìgbà tó bá bímọ tán.