Ṣé Lóòótọ́ ni Adìẹ Ń Làágùn?

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń fi òwe kan kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, èyí tí ó sọ pé adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ kí a mọ̀. Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá mọ ohun tí àwọn àgbà ń wí: ìyà lè máa jẹ ènìyàn lábẹ́ aṣọ ńlá, kí ẹlòmíràn má sì fura. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé èmi fúnra mi ti gba òwe náà bí ẹ̀kọ́ nípa adìẹ, títí ó fi ná mi lówó.

Ní ọdún 2016, mo ra ọgọ́ta adìẹ òyìnbó tí ń yé ẹyin sí ẹ̀yìnkùlé mi, kí ẹyin lè máa ti owó oṣù lẹ́yìn. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ọdún kejì fẹ́ ya wọ ilé wọn, mo fi ọ̀rá nínípọn bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yípo. Òjò dá, oòrùn oṣù Ẹrẹ́nà sì mú ganrínganrín, ṣùgbọ́n n kò ká ọ̀rá náà kúrò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo rí i pé àwọn adìẹ lanu sílẹ̀, wọ́n sì gbé apá kúrò lára. Mo mú ọ̀kan, mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ ìyẹ́ rẹ̀, mo ń wá òógùn. Ara rẹ̀ gbẹ. Mo ní bí kò bá ti làágùn, ooru kò tí ì mú un débi kan. Nígbà tí mo ti ibi iṣẹ́ dé ní ọjọ́ kejì, mẹ́rìnlá ti kú.

Aládùúgbò kan ní iṣẹ́ ayé ni, èmi náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Àbúrò kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ó wo ilé náà tí ó bi mí pé, “Ẹ̀gbọ́n, ta ni ó sọ fún yín pé adìẹ ń làágùn?”

Ó ṣàlàyé fún mi pé adìẹ kò ní ihò tí òógùn ń gbà jáde lára rárá. Ooru ara ènìyàn tí ara rẹ̀ le jẹ́ nǹkan bí 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius; ti adìẹ tó 41. Bí ooru bá mú àwa, òógùn yóò jáde, afẹ́fẹ́ yóò gbé e lọ, ara yóò sì tutù. Ẹnu ni adìẹ ń lò. Bí ó bá ń mí hẹlẹhẹlẹ, omi inú ọ̀nà èémí rẹ̀ ni ó ń bá afẹ́fẹ́ jáde, tí ó sì ń gbé ooru lọ. Ó ń gbé apá kí afẹ́fẹ́ lè kan ibi tí ìyẹ́ kò ti pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn lọ sí ogbe orí rẹ̀ kí ooru lè ti ibẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí kò lè ràn án lọ́wọ́ tó níbi tí ọ̀rá ti sé afẹ́fẹ́ mọ́lé.

Adìẹ a sì máa ṣọ́ omi lò. Àwọn ọmọdé máa ń béèrè ìdí tí ó fi ń mu omi tí kì í tọ̀. Kì í ṣe pé kò ní kíndìnrín. Àpò ìtọ̀ ni kò ní. Ìdọ̀tí tí kíndìnrín bá yọ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń di ohun funfun bí ẹfun, tí omi inú rẹ̀ kò pọ̀, tí ó sì ń bá ìgbẹ́ jáde láti ojú ihò kan ṣoṣo. Funfun tí a ń rí lára ìgbẹ́ adìẹ, ìtọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí ní kíláàsì, akẹ́kọ̀ọ́ kan dìde, ó ní, “Sà, ṣé irọ́ ni àwọn baba wa pa ni?” Mo dá a lóhùn pé wọn kò purọ́. Ọ̀rọ̀ ènìyàn ni wọ́n ń sọ, adìẹ ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ. Èmi tí mo sọ òwe di ìmọ̀ adìẹ sísìn ni mo ṣìnà.

Ẹ̀yin tí ẹ ó di olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ẹnu kan náà ni ẹ ó fi kọ́ òwe ní òwúrọ̀, tí ẹ ó fi kọ́ sáyẹ́ǹsì ní ọ̀sán. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mọ ìyàtọ̀, kí ẹ sì fi Yorùbá tí ó yé e ṣàlàyé méjèèjì. Ní tèmi, mo ṣì ń kọ́ òwe náà. Bí mo bá kọ́ ọ tán, mo máa ń fi kún un pé àwọn adìẹ mi kò fi ìnira wọn pamọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n lanu sílẹ̀. Èmi ni n kò mọ ibi tí à ń wò.