Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù Obìnrin

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní: bí ọkùnrin bá rí ejò, tí obìnrin pa á, kí ejò ṣáà má lọ. Síbẹ̀, bí ọmọbìnrin kan ní Ìkirè tàbí Àpòmù bá ń gbá bọ́ọ̀lù, kò ní ṣàì gbọ́ pé eré ọkùnrin ni. Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilẹ̀ wa: ní ilẹ̀ Bràsíìlì, òfin ka eré náà léèwọ̀ fún obìnrin láti ọdún 1941 títí di ọdún 1979.

Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin kan wà ní Èkó tí à ń pè ní FC Robo. Ibẹ̀ ni Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, ti ṣeré nígbà èwe rẹ̀, bí àwọn òbí rẹ̀ kò tilẹ̀ fẹ́. Ní ọdún 2021, òun àti ẹgbẹ́ Barcelona gba ife-ẹ̀yẹ Yúróòpù. Inú FC Robo kan náà ni Rasheedat Ajibade ti jáde, ẹni tí ó jẹ́ balógun Nàìjíríà nígbà tí wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ obìnrin Áfíríkà ní ìgbà kẹwàá ní ọdún 2025.

Nítorí náà, kí òbí tó lé ọmọbìnrin rẹ̀ kúrò lórí pápá, kí ó kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ọmọ náà pẹ̀lú má sì ṣe gbàgbé ìwé rẹ̀.