Wọ́n Ní Ayò Wa Kì í Ṣe Tiwa

Lẹ́tà náà kò ju ìlà mẹ́fà lọ. Àwa méjèèjì tá a jọ kọ áàpù ayò yìí ní Ìsúndúnrin la jọ kà á lórí fóònù kan: ọ́fíìsì tá a kọ̀wé sí lókè òkun láwọn ò lè forúkọ iṣẹ́ wa sílẹ̀, torí pé eré ni, ẹnìkan kì í sì í ni eré. Ó dùn wá gan-an. Ẹnìkan ti kó áàpù ọ̀hún, tòun ti àwòrán ọpọ́n àti ohùn tá a gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn bàbá wa, ó ń tà á fáwọn ará Èjìgbò tó wà ní Abidjan.

Ká sòótọ́, ìdajì lẹ́tà yẹn tọ̀nà. Ihò 12, ọmọ 48, bí wọ́n ṣe ń ta á, bí wọ́n ṣe ń jẹ: ta ló fẹ́ ní tòun ni? Òfin àṣẹ-lórí-iṣẹ́ Nàìjíríà ti 2022 náà kò dáàbò bo èrò lásán. Ṣùgbọ́n kóòdù tá a fi òru kọ ńkọ́? Òfin yẹn kan náà ka ètò kọ̀ǹpútà mọ́ iṣẹ́ lítíréṣọ̀, ẹ̀tọ́ sì ti wà lórí rẹ̀ látìgbà tá a ti kọ ọ́. Ìforúkọsílẹ̀ kọ́ ló ń bí i. (Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pariwo pé "o ò register, o ò ní nǹkan kan", ẹ jọ̀ọ́, ẹ sinmi.)

Ẹjọ́ Atari ló kì wá láyà. Ọ́fíìsì Amẹ́ríkà kọ̀ láti forúkọ Breakout, géèmù wọn tó jáde ní 1976, sílẹ̀. Wọ́n ní àwòrán rẹ̀ ti rọrùn jù. Atari gba kóòtù lọ. Ní 1989, kóòtù ní kí ọ́fíìsì tún un wò. Wọ́n tún kọ̀. Ní 1992, Adájọ́ Ruth Bader Ginsburg kọ ìdájọ́ tó dá ìkọ̀ náà nù. Kì í ṣe ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ta géèmù náà ni wọ́n ń jà fún o. Àwòrán àti ìró bó ṣe ń tò tẹ̀ léra ni.

Àwa náà ya tiwa sọ́tọ̀. Nínú èsì wa, a fi òfin ayò sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Kóòdù lọ́tọ̀, àwòrán lọ́tọ̀, ohùn lọ́tọ̀, pẹ̀lú àkọsílẹ̀ Git tó ń fi ọjọ́ hàn. A tètè fi ránṣẹ́ kí gbèdéke má baà kọjá. A ò sì dúró de ẹnikẹ́ni ká tó kọ̀wé sí Google, torí ẹ̀sùn olè iṣẹ́ níbẹ̀ kò béèrè nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, áàpù olè náà ti kúrò.

Ọ́fíìsì ò tíì fèsì. Ọ̀kan nínú àwọn bàbá tó fún wa lóhùn ti béèrè pé kí ni tàwọn nínú ẹ̀ tí ìwé bá jáde. A ṣì ń jókòó lé ìyẹn lórí.