Ìyá Tóbi, gba ara rẹ sílẹ̀

Reinickendorf, Berlin.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ìyá Tóbi,

  

Ọ̀rọ̀ tó o sọ lórí fóònù kò kúrò lọ́kàn mi. O ní láti ìgbà tí dókítà ti sọ pé Tóbi ní ADHS, ìyẹn àìlèfọkànsí nǹkan àti àìlèjókòó jẹ́ẹ́, o kì í rí oorun sùn, pé àkóràn ìtọ̀ àti ibà tó ṣe ọ́ nínú oyún rẹ̀ ló fà á. Rárá o! Jọ̀wọ́, gbọ́ mi.

Òótọ́ ni pé àwọn oníṣègùn rí i pé ADHS pọ̀ jù láàárín àwọn ọmọ tí àkóràn ṣe ìyá wọn nígbà oyún. Ní Sweden, wọ́n wo ìtàn ìlera àwọn ọmọ tó lé ní mílíọ̀nù kan, tí wọ́n bí láàárín 1992 sí 2002. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣírò rẹ̀, ewu ADHS fún àwọn ọmọ tí àkóràn ṣe ìyá wọn ju ìlọ́po méjì ti àwọn yòókù lọ. Ṣùgbọ́n wọn ò dá ọwọ́ dúró níbẹ̀. Wọ́n mú àwọn ọmọ ìyá kan náà, wọ́n fi èyí tí àkóràn ṣe ìyá nígbà oyún rẹ̀ wé èyí tí kò ṣe é. Ìyàtọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá! Ohun tí àwọn ọmọ ọ̀hún jọ ní ló pọ̀ jù nínú ọ̀ràn náà, pàápàá ẹ̀jẹ̀ ìdílé. ADHS a máa tẹ̀lé ìdílé gan-an. Ṣé ìyá ọkọ rẹ kọ́ ló sọ pé Bàbá Tóbi kì í lè jókòó jẹun tán nígbà tó wà ní kékeré?

Ṣùgbọ́n níwọ̀n bí o ti tún lóyún báyìí, kì í ṣe pé kí o wá fojú di àkóràn o. Àkóràn ìtọ̀ tí a kò tọ́jú lè mú kí ìrọbí dé láìtọ́jọ́, ADHS sì máa ń pọ̀ láàárín àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé ju àwọn yòókù lọ. Nítorí náà, má pa ọjọ́ àyẹ̀wò jẹ, mú Mutterpass rẹ, ìwé àyẹ̀wò aboyún, dání. Bí ara bá gbóná, pe Frauenarzt, dókítà àwọn obìnrin, lọ́jọ́ náà gan-an. Bí wọ́n bá kọ oògùn fún ọ, lò ó tán.

Ní ti Tóbi, bi Kinderarzt, dókítà àwọn ọmọdé, léèrè ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn òbí bí wọ́n ṣe lè máa darí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Bí ilé-ìwé bá sì ti gba ìsinmi, fi í ránṣẹ́ sí mi. Etí adágún Tegel níbí gbòòrò tó fún un láti sáré títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

Bá mi kí Bàbá Tóbi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Fúnkẹ́