Hóró Inú Àwòrán Òru

Ẹnu lè ya ẹlòmíràn pé kí ni Ládàánì mọ́sálááṣí ń wá nídìí ọ̀rọ̀ kámẹ́rà. Ohun tí mo ń wá níbẹ̀ kò ju èyí lọ: ní mọ́sálááṣí tiwa ní Ọ̀jọ́ níhìn-ín, ọwọ́ Ládàánì ni kọ́kọ́rọ́ wà, ọwọ́ rẹ̀ ni iná àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn wà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni gbogbo onífọ́tò ti í wá gba àṣẹ nígbà tí a bá ń so yìgì, tí a bá ń ṣe wòlímọ̀, tàbí tí a bá ń kí ìrun àṣámù nínú oṣù àwẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń rí wọn, tí mo sì ń rí iṣẹ́ wọn. Mo ti rí àwòrán òru tí ó dára, mo sì ti rí èyí tí ẹni tó ni ín fi sunkún.

Kí n tó tẹ̀síwájú, mo mọ̀ pé àríyànjiyàn wà láàrin àwọn àáfà lórí àwòrán yíyà. Èmi kì í ṣe mùfútì, n kò sì ní dá ẹjọ́ náà níhìn-ín. Ẹni tí kò bá yà á, kí Ọlọ́run ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò bá yà á, kí ó yà á dáradára, kí ó má sì fi da ìjọ́sìn ẹlòmíràn rú.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo máa ń sọ fún onífọ́tò ni pé kí ó pa fìlàṣì rẹ̀. Inú wọn kì í dùn sí i. Wọ́n a ní, “Bàbá Ládàánì, ibí yìí ṣókùnkùn jù, sà.” Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣókùnkùn. Ẹ̀yin ará Ọ̀jọ́, Ìbà àti Okokomáíkò, ẹ mọ bí iná wa ti rí: bí ó bá wá, ó lè wá bí aláìsàn, kí gílóòbù máa pọ́n bí ẹyin iná, bí kò bá wá, jẹnẹrétọ̀ ni, tàbí àtùpà oníbátìrì méjì ní igun ilé. Ṣùgbọ́n fìlàṣì kì í ṣe oògùn rẹ̀. Yàtọ̀ sí pé ó ń kọ mànà lójú ẹni tí ó ń bá Ọlọ́run rẹ̀ sọ̀rọ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kì í rìn jìnnà. Ẹni tí ó bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí i, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ náà ni yóò dé ara rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi ìlọ́po mẹ́rin jìnnà, ìdá kan nínú mẹ́rìndínlógún. Ìdí nìyí tí ẹni tí ó jókòó níwájú fi ń funfun bí ẹni tí a fi ẹfun kùn, tí ìlà àwọn ìyá tí ń bẹ lẹ́yìn yóò sì dúdú bí ẹni pé wọn kò wá.

N kò sọ pé fìlàṣì kò ní ibi tirẹ̀. Malick Sidibé, ará Mali tí ó kú ní ọdún 2016, fìlàṣì ni ó fi ń ya àwọn ọ̀dọ́ Bamako níbi ijó òru wọn ní àwọn ọdún 1960 sókè. Àwòrán ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí ń jó, èyí tí ó yà ní 1963, ti kárí ayé, ní ọdún 2007 sì ni wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà ní Venice. Ṣùgbọ́n ibi ijó ni ibi ijó. Ẹni tí ń jó kì í bínú sí mànàmáná.

Bí a bá ti pa fìlàṣì, ìmọ́lẹ̀ tí ó wà nílẹ̀ ni a ó lò. Àwọn ọlọ́gbọ́n ayé àtijọ́ kan rò pé ojú ni ó ń yọ ìtànṣán jáde lọ kan ohun tí ó ń wò. Mùsùlùmí ni ẹni tí ó já èrò yìí ní koro: Ibn al-Haytham, tí a bí ní Basra ní nǹkan bí ọdún 965, tí ó sì ṣiṣẹ́ ní ìlú Kairo. Nínú ìwé rẹ̀ Kitāb al-Manāẓir, tí ó kọ láàrin 1011 sí 1021, ó ṣàlàyé pé láti ara nǹkan ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá sínú ojú. Ó tún fi yàrá òkùnkùn tí a lu ihò sí lára wádìí ìrìn ìmọ́lẹ̀. Kámẹ́rà tí ó wà lọ́wọ́ yín, yàrá òkùnkùn oníhò náà ni.

Ihò yìí, a lè mú un fẹ̀, a sì lè jẹ́ kí ó pẹ́ ní ṣíṣí. Àwọn méjì yìí ni ń mú ìmọ́lẹ̀ wọlé. Lẹ́ǹsì tí wọ́n kọ 1.8 sí lára, tí ẹ lè rí ní tòkunbọ̀ ní ọjà Alábà, ń gba ìmọ́lẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́sàn-án ti lẹ́ǹsì 5.6, bí nọ́mbà yẹn bá ṣe kéré tó ni ihò ṣe ń tóbi tó. Ti pípẹ́ ni ó le, nítorí ọwọ́ ènìyàn kì í dúró jẹ́ẹ́. Òfin àwọn àgbà onífọ́tò ni pé bí lẹ́ǹsì bá jẹ́ 50, kí ihò má ṣe ṣí ju ìdá kan nínú 50 ìṣẹ́jú àáyá lọ. Bí ó bá jẹ́ 200, ìdá kan nínú 200. Àwọn kámẹ́rà òde òní ní ohun tí ń bá ọwọ́ gbígbọ̀n jà, ṣùgbọ́n ohun náà kò lè bá Àlàájà tí ń mi orí sí wàásì wí.

Nígbà tí méjèèjì bá ti dé òpin ni a ó tó kàn sí nọ́mbà kẹta, èyí tí wọ́n ń pè ní ISO: 100, 200, 400, 800, títí dé 6400 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìlọ́po méjì ti ìṣáájú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó yé yín pé nọ́mbà yìí kò mú ìmọ́lẹ̀ kankan wọlé. Ohun tí mo ń ṣe sí ẹ̀rọ gbohùngbohùn nígbà tí ohùn Àáfà bá lọ sílẹ̀ ni òun náà ń ṣe: mo yí i sókè. Ohùn Àáfà pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ṣààà tí ó wà nínú wáyà pọ̀ sí i pẹ̀lú. Bí Àáfà bá fi ẹnu sún mọ́ ọn tí ó gbóhùn sókè, a kò ní gbọ́ ṣààà náà mọ́. Kì í ṣe pé ó lọ. Ohùn ni ó bò ó mọ́lẹ̀.

Apá kan hóró inú àwòrán ti ara ẹ̀rọ wá, bí ti ṣààà yìí. Apá tí ó kù, tí ó sì máa ń pọ̀ jù, ara ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó ti wá. Ìmọ́lẹ̀ ń bọ́ lẹ́yọ lẹ́yọ bí ẹ̀kán òjò. Ẹ to abọ́ kéékèèké sí àgbàlá nígbà tí òjò bá ń ṣe wínníwínní: abọ́ kan lè gba ẹ̀kán méje, kí èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gba mẹ́ta. Bí òjò bá rọ̀ gidi, gbogbo abọ́ yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Àwọn onímọ̀ ti ṣírò rẹ̀: níbi tí abọ́ bá ń gba 100, ìyàtọ̀ a máa tó 10, níbi tí ó bá ń gba 10,000, ìyàtọ̀ a máa tó 100, èyí tí í ṣe ọ̀kan péré nínú ọgọ́rùn-ún. Ìyàtọ̀ láàrin abọ́ àti abọ́ ni ojú yín ń rí bí iyanrìn lára ògiri dúdú. Nítorí náà ẹni tí ó ní nọ́mbà ńlá ni ó ń ba àwòrán jẹ́ kò tíì sọ ọ́ tán. Àìtó ìmọ́lẹ̀ ni.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ní òru kẹtàdínlọ́gbọ̀n àwẹ̀, Ìyá Àdínì wa, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ní kí wọ́n gbé òun wá, nítorí ẹsẹ̀ kì í jẹ́ kí ó jáde lóru mọ́. Ó jókòó lábẹ́ àtùpà oníbátìrì, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Ẹbí rẹ̀ háyà onífọ́tò kan, kámẹ́rà rẹ̀ sì tóbi. Ẹnì kan ti kọ́ ọ pé kí nọ́mbà ISO má kọjá 400 láéláé nítorí hóró, ó sì di èyí mú bí ẹni pé òfin ẹ̀sìn ni. Kámẹ́rà kò ní ọgbọ́n mìíràn, ó ń ṣí ihò pẹ́. Nínú gbogbo àwòrán náà, ojú ìyá nà bí tàdáwà tí a fi ọwọ́ pa lórí wàláà kí ó tó gbẹ. Kò sí hóró kan níbẹ̀, kò sì sí ìyá.

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin kan, tí ó ń kàwé ní LASU nígbà náà, wà ní ìlà àwọn obìnrin pẹ̀lú fóònù rẹ̀. Ó fi èjìká ti òpó, ó di ìgbọ̀nwọ́ mọ́ ìhà, ó dúró títí ìyá fi dákẹ́ orí mímì, ó sì yà á. Hóró kún un bí gààrí. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìyá jáde láyé. Àwòrán tí wọ́n gbé síwájú ilé lọ́jọ́ fídáù, ti ọmọbìnrin yìí ni. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí àgbà nínú àwọn ọmọ ìyá dúró níwájú rẹ̀, tí ó ní, “Bó ṣe máa ń di ètè rẹ̀ nìyẹn.”

Nítorí náà, bí ó bá di pé ẹ ní láti yan ọ̀kan, ẹ yan hóró. Ojú tí ó ti nà, kò sí ẹni tí ó lè kó o jọ mọ́. Ẹ má sì ya àwòrán ní dúdú pé ẹ ó tàn án nígbà tí ó bá yá. Hóró tí ẹ sá fún yóò yọ jáde níbẹ̀, nínú ọ̀pọ̀ kámẹ́rà a sì máa pọ̀ ju ti ẹni tí ó gbé nọ́mbà sókè láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí hóró bá ń dùn yín, ẹ gbé ìwé ìròyìn yìí sún mọ́ ojú yín dáradára: àmì kéékèèké ni gbogbo àwòrán inú rẹ̀, ẹ sì ń dá àwọn ènìyàn mọ̀. Hóró tí ẹ ń fi ìka fẹ̀ lójú fóònù, bí a bá tẹ àwòrán náà ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́, ọ̀pọ̀ rẹ̀ kò ní hàn. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń ṣe tótòtó pupa àti tótòtó àwọ̀ ewé ni, ẹ ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní dúdú àti funfun.

Kí ẹ tó ronú nọ́mbà kankan, ẹ wo ibi tí àtùpà wà. Òfin tí ó pa fìlàṣì lára náà ni yóò ràn yín lọ́wọ́ níhìn-ín. Àtùpà tí ó wà ní ìgbésẹ̀ mẹ́rin sí ìyá, bí ẹ bá gbé e dé ìgbésẹ̀ méjì, ìmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́rin: 6400 di 1600 láìná kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí a ń ṣètò mọ́sálááṣí gan-an. Àwọn àtùpà tí ó mọ́lẹ̀ jù, níwájú lọ́dọ̀ Lèmọ́mù àti àwọn àgbà ọkùnrin ni a ń gbé wọn sí; ẹ̀yìn aṣọ ìkélé, lọ́dọ̀ àwọn ìyá wa, èyí tí bátìrì rẹ̀ ń kú lọ ni a ń gbé síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni a ó máa bi ara wa pé kí ló dé tí àwòrán àwọn obìnrin kò fi dára. Mo ti ní kí wọ́n máa gbé méjì lọ sí ọ̀dọ̀ wọn, kí obìnrin sì jẹ́ ẹni tí yóò máa ya àwọn obìnrin, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda wọn.

Nígbà tí ẹbí fẹ́ mú àwòrán ìyá tóbi láti gbé kọ́ ògiri, ṣọ́ọ̀bù kan fi kọ̀ǹpútà fọ hóró rẹ̀. Wọ́n fọ̀ ọ́ tán, ojú dán bí ìṣaasùn tuntun, pélé tí ó wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá sì ti lọ. Ẹ̀rọ kò mọ ilà ojú yàtọ̀ sí hóró, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ ihò léèsì tàbí ìhunjọ iwájú orí. Àwọn ọmọ ní kí wọ́n dá hóró àwọn padà fún àwọn. Bí a bá máa fọ̀ ọ́, kí ó jẹ́ díẹ̀, kí ẹni tí ó mọ ojú náà sì dúró tì wọ́n.

Fóònù tuntun ní ọgbọ́n mìíràn. Google gbé tirẹ̀, Night Sight, jáde fún fóònù Pixel ní 2018, ọ̀pọ̀ fóònù mìíràn sì ti ní irú rẹ̀. Ó ń ya àwòrán púpọ̀ léraléra, ó sì ń pa wọ́n pọ̀. Hóró kì í bọ́ sí ojú kan náà nígbà gbogbo, nítorí náà wọ́n ń pa ara wọn rẹ́: bí a bá pa àwòrán 16 pọ̀, hóró a dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ó dára fún ọmọ tí ó ti sùn àti fún oúnjẹ ìṣínu tí a tò sílẹ̀. Àwọn tí ń lọ sí rúkúù, ó lè sọ wọ́n di olórí méjì.

Àwọn ilà dúdú tí ń dábùú àwòrán kì í ṣe hóró, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn tilẹ̀ ń pè é bẹ́ẹ̀. Iná mànàmáná wa ń lọ, ó ń bọ̀ nígbà 50 nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, àwọn gílóòbù kan a sì máa ṣẹ́jú nígbà 100. Bí ihò kámẹ́rà bá yára jù, a ká a mọ́ ibi tí ó ti ń ṣẹ́jú. Ẹ yà á ní ìdá 50 tàbí ìdá 100, ọ̀pọ̀ ìgbà ni yóò lọ.

Ohun kan ni mo bẹ̀ yín kí ẹ má yà lóru rárá, ìyẹn ni ìwé Lárúbáwá. Àwọn ìyá ọmọ ilé-kéú wa a máa ya wàláà ọmọ wọn ní agogo mẹ́wàá alẹ́, wọ́n a fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ mọ̀ pé àmì kékeré ni ó ya bá, tá àti sá sọ́tọ̀: bá ní ọ̀kan nísàlẹ̀, tá ní méjì lókè, sá ní mẹ́ta. Hóró kan tí ó bọ́ lé orí lẹ́tà lè sọ ọ́ di òmíràn, fóònù tí ó sì ń fọ hóró lè fọ àmì gidi lọ pẹ̀lú. N kò ní mọ̀ bóyá ọmọ ni ó ṣì í kọ tàbí òkùnkùn ni. Ẹ dúró di agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, kí ẹ gbé wàláà sí ẹnu ọ̀nà níbi tí oòrùn kò ti pa á tààrà, kí ẹ yà á ní 100. N ó ti dá yín lóhùn kí n tó pe ìrun Àílà.