Láti Ìdó dé Ìkọ̀lé: Ta Ni A Fi Sílé Lọ́jọ́ Ìsinmi?

Bí ẹ̀yin ìyàwó wa bá wọ ọkọ̀ ní Adó-Èkìtì, tí ẹ sì dorí kọ ìhà àríwá, ẹ óò dé Ìfàkì, níbi tí ọ̀nà gbé là sí méjì. Èyí tí ó yà sí ọwọ́ òsì ń lọ sí Ìdó. Èyí tí ó yà sí ọwọ́ ọ̀tún ń lọ sí Ọ̀yẹ́, ó sì gba Ìtapà kọjá lọ sí Ìkọ̀lé, ìlú Elékọ̀lé. Ilẹ̀ olókè ni, ilẹ̀ oníṣu sì ni. Ẹni tí ó bá mú àlejò rìn ní àgbègbè yìí kì í ṣàìní ohun tí yóò fi yangàn: ilé ìwòsàn ńlá ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Ìdó, yunifásítì tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2011 wà ní Ọ̀yẹ́, ẹ̀ka rẹ̀ sì wà ní Ìkọ̀lé.

Bí ó bá jẹ́ òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi ni ẹ wọ ìlú, agogo ṣọ́ọ̀ṣì ni yóò kí yín káàbọ̀. Ìjọ Kátólíìkì, tí àwọn àgbà ń pè ní Ìjọ Àgùdà, ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ tipẹ́. Ní 1972 ni Èkìtì di dáyósíìsì tirẹ̀, Bíṣọ́ọ̀bù Michael Fagun sì ni ó ṣe olórí rẹ̀ títí di 2010. Ẹ óò rí àwọn ìyá nínú aṣọ ẹgbẹ́, ọmọ lẹ́yìn, ọmọ lọ́wọ́ ọ̀tún, ọmọ lọ́wọ́ òsì. Ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ ka àwọn ọmọ náà. Kì í ṣe àwọn tí ó wá ni mo fẹ́ kí ẹ kà, bí kò ṣe àwọn tí kò wá.

Níbo ni ọmọ tí kò gbọ́ràn wà? Níbo ni èyí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e wà, tàbí èyí tí òye rẹ̀ ń falẹ̀? Ó ṣeé ṣe kí ó wà nílé lọ́dọ̀ ìyá àgbà, pẹ̀lú ẹ̀kọ àti àkàrà tí a bò sílẹ̀ fún un. Kì í ṣe pé ìyá rẹ̀ kórìíra rẹ̀. Ó ń bẹ̀rù pé yóò kígbe nígbà tí Fadá bá gbé Ara Olúwa sókè. Ó ń bẹ̀rù àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ó ń bẹ̀rù ojú àwọn ènìyàn, ojú tí ń béèrè ohun tí ó ṣe tí ó fi bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀.

Àwọn baba ńlá wa ní èèwọ̀ ni láti fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pe afín, abuké àti arọ, nítorí wọ́n gbà pé Ọbàtálá ni ó mọ wọ́n bẹ́ẹ̀. Ọ̀wọ̀ wà nínú orúkọ náà, ṣùgbọ́n a lè bọ̀wọ̀ fún ènìyàn kí a má sì bá a jókòó. Ọmọ ń fẹ́ kí a bá òun jókòó.

Ìjọba ti dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ fún wọn. Ti àwọn ọmọ tí òye wọn ń falẹ̀ wà ní Ìdó gan-an; ti àwọn adití wà ní Ìkòrò, ní ìhà Ìjerò; ti àwọn afọ́jú wà ní Ìkẹ́rẹ́, ní ìhà gúúsù. Ẹ jẹ́ kí a fi ọkàn ro ọmọ adití kan láti Ìkọ̀lé tí ó ń gbé ní ilé-ẹ̀kọ́ Ìkòrò. Níbẹ̀ ni ó ti ń kọ́ èdè ọwọ́, irú èyí tí Andrew Foster, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí òun náà jẹ́ adití, fi kọ́ àwọn ọmọ nígbà tí ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960. Ọlidé dé, ó padà sílé, ó tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí kíláàsì katikísímù. Olùkọ́ ka ìbéèrè, àwọn ọmọ fi ohùn kan dáhùn. Òun ń wo ẹnu wọn. Àwọn àgbà ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n ní kíláàsì yẹn, etí nìkan ni a gbé gbogbo ọ̀rọ̀ sí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì kò wá mọ́, a sì ní kò fẹ́ràn ẹ̀kọ́.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ni Ìjọ fẹ́ ẹ. Ní 1979, Póòpù John Paul Kejì kọ̀wé pé àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara àti àwọn tí òye wọn ń falẹ̀ ní ẹ̀tọ́, bí ẹgbẹ́ wọn gbogbo, láti mọ ìgbàgbọ́. Ìwé òfin Ìjọ tí ó jáde ní 1983 sọ ọ́ di iṣẹ́ Fadá ìjọ: òfin 777 ní kí ó rí i pé a kọ́ wọn dé ibi tí agbára wọn bá lè gbé e dé. Òfin 990 gbà kí ènìyàn jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ nípasẹ̀ ògbufọ̀, òfin 983 sì de ògbufọ̀ náà láti pa àṣírí mọ́. Òfin 1104 ní bí ẹni tí ń ṣe ìgbéyàwó kò bá lè sọ̀rọ̀, kí ó fi àmì jẹ́jẹ̀ẹ́. Àní àlùfáà tí ó fọ́jú pàápàá lè rú ẹbọ Mísà, gẹ́gẹ́ bí òfin 930 ti wí. Bí afọ́jú bá lè dúró nídìí pẹpẹ, kí ni ó dé tí ọmọdé kò lè jókòó níwájú rẹ̀?

Ìyá mìíràn yóò ní, “Ọmọ mi kò lè ka katikísímù. Báwo ni yóò ṣe gba Kọmúníọ̀n Mímọ́?” Àwọn bíṣọ́ọ̀bù Amẹ́ríkà dáhùn èyí fún àwọn ènìyàn wọn ní 1995. Wọ́n ní ó tó bí ọmọ náà bá lè mọ ìyàtọ̀ láàrin Ara Kristi àti oúnjẹ lásán, ì báà ṣe ìṣesí rẹ̀ tàbí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọlọ́wọ̀ rẹ̀ ni ó fi hàn, kì í ṣe ẹnu.

Ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí kì í sì í ṣe ohun ńlá. Ní Paris, ní nǹkan bí 1760, àlùfáà kan tí ń jẹ́ l’Épée rí ọmọbìnrin méjì, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, tí wọ́n jẹ́ adití, tí kò sì sí ẹni tí yóò kọ́ wọn ní ìgbàgbọ́. Nítorí àwọn méjì yẹn ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ tí ó di ilé-ẹ̀kọ́ adití olókìkí. Nílẹ̀ wa níhìn-ín, Ìjọ dá ilé-ẹ̀kọ́ Pacelli fún àwọn afọ́jú sílẹ̀ ní Sùúrùlérè, l’Ékòó, ní 1962.

Kí ni páríṣì kékeré ní Ìtapà tàbí Ìkọ̀lé wá lè ṣe? Mísà fúnra rẹ̀ kì í ṣe ti etí nìkan. Adití ń rí iná àbẹ́là, ó sì ń rí imọ̀ ọ̀pẹ lọ́wọ́ gbogbo ìjọ ní Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ. Afọ́jú ń gbóòórùn tùràrí, ó ń gbọ́ agogo, ó ń fọwọ́ kan omi mímọ́. Ọmọ tí òye rẹ̀ ń falẹ̀ mọ̀ ọ́n lára nígbà tí a bá fi eérú sàmì sí i níwájú orí. Kí olùkọ́ bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀: kí ó fi àwòrán kọ́ni, kí ó mú ọmọ náà fọwọ́ kan pẹpẹ àti agbada ìrìbọmi. Ní ti èdè ọwọ́, ọmọ adití náà fúnra rẹ̀ ni kí ó kọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní àmì mẹ́wàá ní ọlidé kọ̀ọ̀kan. Òun ni yóò wá di olùkọ́. Ní ti àtẹ̀gùn, òfin àpapọ̀ tí a kéde ìfọwọ́sí rẹ̀ ní Oṣù Kìíní 2019 fi ọdún 5 sílẹ̀ fún àtúnṣe àwọn ilé tí gbogbo ènìyàn ń wọ̀. Àkókò náà ti kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ àwọn ìyá lè dáwó sìmẹ́ǹtì tí yóò sọ àtẹ̀gùn mẹ́ta di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́.

Ẹni tí ojú bá ṣì ń tì, kí ó gbọ́ ìtàn Margaret ti Castello, ní ilẹ̀ Ítálì. Afọ́jú ni, abuké ni, ó sì yarọ. Àwọn òbí rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ọlọ́lá, fi í pamọ́ kí ayé má bàa rí i; nígbà tó yá, wọ́n fi í sílẹ̀ ní ìlú onílùú, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Àwọn tálákà ìlú náà ni wọ́n gbà á sílé. Ó dàgbà, ó sì ń kọ́ ọmọ wọn. Ó kú ní 1320, ní 2021 ni Póòpù Francis kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́ fún gbogbo Ìjọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìyàwó wa, bí ọmọ ẹlòmíràn bá kígbe nígbà Mísà, ẹ má ṣe yíjú wò ó. Ẹ sún fún ìyá rẹ̀ kí ó rí àyè jókòó. Bí ó bá sì jẹ́ tiyín ni, ẹ rántí pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ kí a fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí ń bọ̀, ẹ wẹ̀ fún un, ẹ fi ìpara pa á, ẹ wọ̀ ọ́ ní aṣọ tí ó dára jù lọ, kí ẹ sì mú un dání.